Fọ́tò Ilé Kí Katapílà Tó Dé

Etí títì ni ilé ìyá bàbá mi wà ní Ìkìrun, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ mú títì náà gbòòrò sí i, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri lọ́wọ́ ọ̀tún ilẹ̀kùn, wọ́n sì ní kí ìyá àgbà kó jáde kí katapílà tó dé. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, ti tún yàrá kan ṣe nílé ọkọ wọn ní Òkukù de ìyá àgbà. Ìyá àgbà kò sọ pé àwọn ò ní lọ. Wọn kò sì di ẹrù.

Àǹtí mi ló ní kí n wá ya ilé náà. Ó dá wọn lójú pé bí ìyá àgbà bá ti rí fọ́tò rẹ̀ mú dání, wọn á lè fi í sílẹ̀. Èmi kò rí ẹ̀rí kankan fún ìyẹn, ṣùgbọ́n n kò ní ìmọ̀ràn mìíràn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, n kò tíì ríṣẹ́, mo sì ń kọ́ fọ́tò yíyà ní Inísà.

Ibi tí mo máa dúró sí ni ìṣòro. Bí mo bá dúró lódìkejì títì, gbogbo ilé á wọ inú fọ́tò, ṣùgbọ́n àwókù ilé méjèèjì tí àwọn onílé ti fúnra wọn wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bá a wọlé, àmì pupa náà á sì gba ojú ju ilẹ̀kùn lọ. Mo bá ń sún mọ́ ọn. Mo gé òrùlé kúrò, mo gé ilẹ̀ kúrò, títí ó fi ku ilẹ̀kùn, fèrèsé kan, àti òpó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí fọ́tò. Ojú ẹni tó ń wò ó kò níbi tó máa sá sí. Ó dà bíi pé ohun tí kò hàn ń ti ohun tó hàn.

Mo gbé kámẹ́rà fún ìyá àgbà wò.

“Ọkọ mi, òrùlé dà?” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sílé ọkọ wọn.

“Mo gé e kúrò ni, mà.”

“O ti bá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wó o nìyẹn.”

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ jẹ́ ó yà á bó ṣe fẹ́. Ó kàwé.”

“Ìwé wo ló ní kí òjò máa pa èèyàn nínú fọ́tò?”

Ìyá àgbà tún un wò. Wọ́n fi ìka kan ibi tí òpó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí fọ́tò. “Ó dà bí ẹni tí wọ́n há mọ́ igun,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì dá kámẹ́rà padà fún mi.

N kò fẹ́ tètè gbà pé fọ́tò ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ohun tí a ti mọ̀ nípa ilé náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rí. Nígbà tí mo padà sí Inísà, mo fi í han ọ̀gá mi láìṣàlàyé. Fọ́tò ìgbéyàwó ni iṣẹ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ràn kí àyè pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn. Wọ́n wò ó pẹ́.

“Ta ló kú nílé yìí?”

Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

“Ó dáa. Má ṣe fi irú rẹ̀ fún oníbàárà.”

Ẹ̀rí ẹnì kan kò tó, ṣùgbọ́n n kò bi ẹlòmíràn mọ́.

Nígbà tí a gbọ́ pé katapílà ti dé àdúgbò náà, èmi àti àǹtí mi gbé ọkọ̀ lọ sí Ìkìrun. Ìyá àgbà ti di ẹrù. Mo dúró níwájú ilé, mo fi kámẹ́rà há ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ náà mọ́. Mo rò pé bí ìyá àgbà bá yọ sínú àyè tóóró yẹn, kò ní sí ohun tó kù láti sọ. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ ẹrù nínú ilé. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. N kò gbé ojú kúrò.

Àǹtí mi yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé. “Kí lo ń dúró dè? Wọ́n ti wà nínú ọkọ̀.”

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná lẹ́yìn ni ìyá àgbà gbà jáde, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n sì kọjá lórí gọ́tà tí kò ní afárá.

Mo bi wọ́n ní ìdí rẹ̀ nínú ọkọ̀.

“Ẹnu ọ̀nà iwájú yẹn ni wọ́n ti da omi sí mi lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n mú mi wọlé níyàwó. Òkú mi ló yẹ kó gba ibẹ̀ jáde. N kò lè fi ẹsẹ̀ ara mi rìn ín.”

“Ìyá, mi ò gbọ́ irú àṣà yẹn rí,” ni àǹtí mi sọ.

“Ta lo mọ̀ tí wọ́n ti wó ilé rẹ̀ lójú rẹ̀ rí?”

Èmi náà kò mọ̀ bóyá àṣà ni, tàbí ìyá àgbà ló dá a sílẹ̀ láàárọ̀ yẹn. A kọjá Inísà. Fọ́tò kan ṣoṣo tí mo yà lọ́jọ́ náà ni ti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀.

Nígbà tí a dé Òkukù, àǹtí mi sáré wọlé, wọ́n sì bu omi sínú abọ́ jáde wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láti dà á sí ìyá àgbà lẹ́sẹ̀.

“Gbé omi rẹ kúrò,” ni ìyá àgbà sọ. “Ilé ọkọ tìẹ ni. Àlejò ni mí.”

Ìyá àgbà fúnra wọn nu ẹsẹ̀ wọn lórí ẹní ìnusẹ̀, wọ́n sì wọlé.