Àpòmù Di Àpò Mi

Orin tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ ní gbogbo ibùdókọ̀ láti Ìkirè dé Gbọ̀ngán báyìí, orúkọ ìlú ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ di àpò ṣòkòtò.

Àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní bùọ̀dá mi, ló ni orin náà. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ní Àpòmù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn ni olórí àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń kọrin wéré kiri àdúgbò nínú ààwẹ̀, kí àwọn Mùsùlùmí lè jí jẹ sààrì. Agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn, ó tán. Inú wéré ni fújì ti jáde. Inú fújì ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń bu ohun tí wọ́n fi ń ṣe orin tiwọn. Bí ààwẹ̀ bá ti ń lọ sópin, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó á máa wọlé, ilé á kún, títì á kún. Ohun tí bùọ̀dá mi rí tí wọ́n fi kọ ọ́ nìyẹn: "Àpòmù ń kún bí odò."

Lọ́dún yìí, ọmọkùnrin olórin kan láti Ìkirè gbé e jáde: "Àpò mi ń kún bí odò." Mo pè é lórí fóònù. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà mi nìyẹn o. Èmi ò mọ̀ pé ìlú ni."

"O ti wá mọ̀ báyìí. Ṣé wàá tún un ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló fẹ́ jó sí Àpòmù l'Ékòó? Àpò ni gbogbo ayé ń wá."

Títí di ìgbà yẹn, àṣìgbọ́ ni mo pè é. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, níbi ìkómọ kan ní Àpòmù, wọ́n bẹ bùọ̀dá mi pé kí wọ́n kọrin. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ohùn sókè. Wọn ò tíì kọ ọ́ dé ìdajì tí àwọn ọmọ kéékèèké fi pariwo:

"Bàbá, ẹ ò mọ̀ ọ́n! Àpò mi ni!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tilẹ̀ ń fọwọ́ gbá àpò agbádá rẹ̀: "Bàbá, ẹ wò ó níbí!" Bùọ̀dá mi jókòó.

"Wọ́n ní mi ò mọ orin mi kọ," ni wọ́n sọ fún mi bí a ṣe ń lọ sílé. "Kí n sáà kọ ọ́ lójú gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gbọ́ Àpòmù nínú rẹ̀. Bí mo bá kú, ta ló máa bá wọn jiyàn?"

Ọjọ́ ìlú ń bọ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò rẹ̀. Alága gbọ́ mi tán. Ó ní ọmọ Ìkirè yẹn ni àwọn ti pè, òun ló sì máa kọ ọ́, bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti kọ "Àpò mi ń kún" gàdàgbà sára pátákó tí wọ́n máa rì mọ́lẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ìlú.

"Bàbá á jókòó níwájú," ló wí. "Bí ọmọ yẹn bá kọrin tán, a ó ní kí wọ́n dìde, ìlú á pàtẹ́wọ́ fún wọn."