Àǹtí Rọra Fẹ́ Yí Ìjàpá Padà

Bí ẹ bá gbé ife tíì kọjá nítòsí rẹ̀, á ní "rọra." Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, "rọra." Bí ẹ bá sín, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rọra sín rí láyé, á ṣì ní kí ẹ rọra. Ìdí nìyí tí gbogbo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fi ń pè é ní Àǹtí Rọra, tí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ fi di ohun ìgbàgbé.

Ẹ má tíì fi í ṣẹ̀sín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yọ egungun àwọn ẹranko ayé àtijọ́ kúrò nínú òkúta. Abẹ́rẹ́, bírọ́ọ̀ṣì àti sùúrù ni irinṣẹ́ rẹ̀, egungun ọ̀hún sì lè fọ́ bíi bisikíìtì.

Èyí tó wà níwájú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni ìjàpá kan tó fẹ̀ tó báàfù ìfọṣọ. Ìpẹ̀kun ayé lápá àríwá ni wọ́n ti wà á jáde, níbi tí yìnyín bo ilẹ̀ lónìí. Ìjàpá kò sì ní ooru tara rẹ̀, oòrùn ní ń yá a lára. A jẹ́ pé nígbà ayé tirẹ̀, igbó ló wà níbẹ̀, odò ń ṣàn, ilẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun tí Ọ̀gá, obìnrin onímọ̀ tó ni iṣẹ́ náà, fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìran ìjàpá yìí gba orí ayé ibẹ̀ kọjá láti ilẹ̀ kan bọ́ sí èkejì, nígbà tí ọ̀nà náà ṣì ṣe é rìn. Àyà rẹ̀ ni yóò sọ. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà ní òdìkejì òkun ní àwo egungun tín-ín-rín kan níwájú àyà, lábẹ́ ọ̀fun, èyí tí àwọn ti ìhà ìhín kò ní.

Ṣùgbọ́n ṣe ni ìjàpá náà dojú bolẹ̀ sínú òkúta rẹ̀. Àǹtí Rọra ti tún ẹ̀yìn ṣe tán. Ó wá ku kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n ṣí òkúta abẹ́ rẹ̀ kúrò bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò.

Níbẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ̀yìn ọ̀hún ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, gọ́ọ̀mù olómi ni wọ́n sì ń kán sí ojú ibi tó fọ́. Ẹ̀kán kan ti tó. Kì í tó Àǹtí Rọra. Á kán ọ̀kan, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀, á tún kán òmíràn lé e, bí ìyá tó ń fi aṣọ kún aṣọ lára ọmọ tuntun títí ọmọ fi ń làágùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yí i, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ òkúta. Nǹkan kan ń dán níbẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án: gọ́ọ̀mù ni. Ó ti la àárín ìjàpá kọjá, ó ti gbẹ sí ìsàlẹ̀. Àyà ti lẹ̀ mọ́ òkúta. Bí wọ́n bá ṣí ìdérí báyìí, ìdérí á fa àyà ya lọ.

 Ó ní kí wọ́n dúró kí yanrìn tí wọ́n tẹ́ de ìjàpá náà gbẹ. Yanrìn ti gbẹ. Ó ní iná kò dúró dáadáa, iná dúró. Ó ní inú ń run òun, èyí tí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Káfíńtà, ọkùnrin tó ń kan àpótí fún àwọn egungun, tó wá bá wọn gbé e, jókòó sórí pákó rẹ̀, ẹ̀rín ń pa á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n bi ìjàpá tó ń lọ sájò pé ìgbà wo ló máa dé, ó ní ó di ìgbà tóun bá tẹ́. Tiyín ti lọ láti ayébáyé. Àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá a tẹ́ ni?"

Lọ́jọ́ mìíràn ì bá rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yìí, ó mọ ẹni tó fẹ́ tẹ́. Bí ó bá sì dákẹ́, tí àyà ya, wọ́n á ní egungun àgbà ni, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ọ̀gá dé, ó ká apá aṣọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di òkúta mú. "Rọra" kò jáde lẹ́nu Àǹtí Rọra.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì gbé e. Gọ́ọ̀mù mi ti pọ̀ jù. Ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ òkúta dáadáa.  Ó béèrè ibi tí gọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù.

"Ọ̀fun ni mà. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà mí jù."

"Ó dáa. A ò ní ṣí ìdérí mọ́. A máa yí i tòun ti òkúta rẹ̀, kó o wá máa hó òkúta kúrò díẹ̀díẹ̀ láti òkè. Ìwọ náà lo máa yọ gọ́ọ̀mù rẹ."

Wọ́n fi fóòmù àti pákó há a láàárín, wọ́n fi okùn dì í, wọ́n yí i. Nǹkan kan dún "kẹ̀ẹ́" nínú. Wọ́n dúró bí igi. 

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu Àǹtí Rọra. Ó ń fi òwú tó rẹ sínú omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná mú gọ́ọ̀mù rọ̀, á fi abẹ́rẹ́ hó òkúta, á tún mú gọ́ọ̀mù rọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìyá àwọn ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kun èékánná, bẹ́ẹ̀ èékánná tirẹ̀ funfun báláú. Lójú oorun, "kẹ̀ẹ́" yẹn ló ń gbọ́.

Etí àyà lápá ọ̀tún ló dún. Ó ti ya, ó ti rún sínú gọ́ọ̀mù. Lójú ẹnikẹ́ni, kò ṣe é tò mọ́. Àǹtí Rọra jókòó tì í, ó di abẹ́rẹ́ mú.

Ó wá ku ọ̀fun. Ó nu ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún nu ún. Ìlà kan yọ. Èkejì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwo kékeré kan wà láàárín méjèèjì, odindi.  Ó ní kí Káfíńtà bá òun pe Ọ̀gá.

Ọ̀gá gbé ẹ̀dà àyà ìbátan òdìkejì òkun, tí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dà, wá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi awò wò wọ́n pẹ́.

"Wọ́n gba ibẹ̀ kọjá," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn onímọ̀ yòókù á béèrè etí tó ya yìí o, òun á sì ní láti sọ bó ṣe ya.

"Ẹ sọ pé èmi ni, mà."

Ọ̀gá mi orí pé ó dáa, ó jáde lọ. Káfíńtà ti àga sí ìdí Àǹtí Rọra. Àǹtí Rọra jókòó, ó fa iná súnmọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èérún etí náà kúrò nínú gọ́ọ̀mù sínú abọ́, bóyá méjì nínú wọn á ṣì mọ ara wọn.