Ẹ̀rù Ìyá Ọlọ́mọ Tuntun Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rín

Inú ń bí mi gan-an bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ọkọ mi mú mi lọ wo eré orí ìtàgé tí àwọn ọmọ yunifásítì ṣe l'Ágọ̀-Ìwòyè lọ́sàn-án yìí. Ìyá ọlọ́mọ tuntun kan ni eré náà dá lé. Tí ìyá ọkọ rẹ̀ bá ti ń wẹ ọmọ, tó jù ú sókè bí a ti í ṣe, tó tún hán an, obìnrin náà á figbe ta. Nígbà tó yá, kò mọ̀ mọ́ bóyá ọwọ́ ìyá ọkọ ni kí òun máa bẹ̀rù tàbí ọwọ́ ara òun, kí òun fúnra òun má lọ ṣe ọmọ náà léṣe.

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó, ṣó o rí wèrè? Ìyá mi ló máa wẹ ọmọ tiwa o. Tó o bá ṣe báyìí, ilé bàbá ẹ lò ń lọ."

Mo mọ̀ pé a kì í sọ ọ́ síta, àmọ́ oyún wà nínú mi.

Èmi tí kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò, mo dìde. Mo kọjú sí ọkọ mi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ̀rù bá bà mí lọ́jọ́ náà, ta ni kí n sọ fún?"

Ọ̀kadà gbé wa padà sílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹnu ọ̀nà ni ọkọ mi ti wá dá mi lóhùn, ó ní, "Èmi ni kó o sọ fún."

Mo gbọ́. Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ má parọ́ fún mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ju ọmọ yín sókè níbi ìwẹ̀, ṣé ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín?