Nọ́ńbà Tí Kò Ní Ẹbí

Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tíṣà ìṣirò tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, bá rí nọ́ńbà ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ, ó gbọ́dọ̀ wá èyí tó máa pín in láìṣẹ́kù. "Ẹbí rẹ̀ nìyẹn," ni yóò wí. Kì í ka ení mọ́ ẹbí. Ó ní gbogbo ayé ni ení ń bá tan.

A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àfi ìgbà tó kan mílíọ̀nù kan àti mẹ́ta. Ó kọ ọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì wá ẹbí fún un. Ó ní ó ń pe òun lójú oorun.

"Ọkọ mi Tíṣà," ni ìyá mi wí, "ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà sinmi, iyán ń tutù."

"Ìyàwó, kò lè jẹ́ pé òun nìkan ló wà."

Nígbà tó ti fi àwọn tó kéré dánwò tán, tó wá fi 997 pín in, méjìlá ṣẹ́kù. Ó ní tí èyí ò bá ti pín in, kò sí èyí tó máa pín in mọ́. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ìyá mi gbé oúnjẹ ẹnìkan kalẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó ń lọ.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, pe àwọn ọmọ wá bá mi jẹun."

A bá a jẹun, àwa tá a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.