Bẹ́ńṣì Òfìfo ní Okpomẹ́ta, Bẹ́ńṣì Òfìfo ní Ìmẹ̀kọ

Ẹ gbà mí o, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí lónìí!

Kílásì mi ní Okpomẹ́ta bá kílásì kan ní Ìmẹ̀kọ, lódìkejì ààlà, sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ní bí kọ̀ǹpútà náà kò bá ṣiṣẹ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń padà sí.

Ó ṣiṣẹ́! Mo rí wọn kedere. Olùkọ́ wọn, ìyá àgbàlagbà kan, yọjú.

Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kí màmá."

Òun náà ní kí àwọn tirẹ̀ kí mi.

Àfi bí bẹ́ńṣì wọn ṣe ṣófo lójijì! Mi ò rí orí ọmọ kankan mọ́.

Ọ̀gá wa, tó dúró tì mí, pariwo pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já: "Rẹ́só ti lọ! Ṣé mi ò sọ fún ọ?" Ó nawọ́ kó pa kọ̀ǹpútà náà.

Màmá ń ké láti ọ̀hún: "Olùkọ́, àwọn ọmọ yín dà?"

"Màmá, àwọn tiyín ńkọ́?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀ ni gbogbo kílásì mi wà! Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn obìnrin wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń retí kí màmá dá wọn lóhùn. Àwọn ti Ìmẹ̀kọ náà ti wólẹ̀ fún mi lọ́hùn-ún!

Ọ̀gá wa wo ilẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ló bá gbé kọ̀ǹpútà kúrò lórí tábìlì, ó gbé e kalẹ̀ síwájú wọn, òun fúnra rẹ̀ sì kúnlẹ̀ tì í: "Màmá, àwọn ọmọ wa rèé."

Ẹni tó fẹ́ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn o! Ẹ̀yin olùkọ́, níbo lẹ̀ ń gbé tiyín sí?