Bàtà Awọ Tí Dádì Rán

Bí mo bá ti gbóòórùn awọ tí wọ́n fi ọ̀rá pa ní ìsọ̀ oníbàtà, ṣe ni ẹsẹ̀ mi máa ń fẹ́ sáré.

Iṣẹ́ Dádì mi ni kó máa wá ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nílé wa ní Bódìjà, ó gbé bàtà awọ kékeré kan fún mi. Òun ló rán an, ó fi ọ̀rá màlúù pa á, kó lè jọ èyí tí wọ́n hú nínú iyanrìn lókè Ọya.

Ó ní, "Kò gba ẹsẹ̀ mi. Fi rìn dé títì fún mi."

Mi ò tíì kọjá ilé kejì tí ajá fi tẹ̀ lé mi. Nígbà tí mo fi máa dé títì, wọ́n ti di mẹ́rin, gbogbo wọn ń pọ́n ẹnu lá. Mo ki eré mọ́lẹ̀.

"Bọ́ ọ sílẹ̀ fún wọn!" ìyá onígúgúrú pariwo.

Ṣùgbọ́n bàtà Dádì ni. Mi ò bọ́ ọ.

Mo sunkún wọlé. Dádì ò wojú mi rárá. Ó bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ mi, ó yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Iwájú méjèèjì ti họ bákan náà.

"Ọmọ yẹn náà sáré!" ó figbe ta.

"Ọmọ wo, Dádì?"

"Ọmọ kan tó wọ èyí láyé àtijọ́ ni."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé inú sàréè ni wọ́n ti rí bàtà àtijọ́ náà.

"Ṣé ajá lé òun náà?" ni mo bi Dádì lọ́jọ́ náà.

Dádì rọra ki ẹsẹ̀ mi bọ omi tútù. "Bóyá eré ló ń ṣe," ó dáhùn.