Ìbọn tí Mo Pè Ní Dáadáa

"Kẹ́" ni irin inú ìbọn náà dún nígbà tí bàbá fi ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀ pẹ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ìka rẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti ń fà á. Ó wò mí, ó wo ìbọn, ó tún fi kan ilẹ̀. Kẹ́. Kò sí ọta nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ fi ìka yẹ inú rẹ̀ wò, síbẹ̀ àyà mi já.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. A wà nínú yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Karantínà, ní Jẹ́dà, ní ilẹ̀ Lárúbáwá, lẹ́yìn ìrun alásárì. Kì í ṣe bàbá mi, òun kọ́ ló sì bí bàbá mi tàbí ìyá mi o, yàrá rẹ̀ ló kàn kángun sí tiwa. Nílé, ní ilẹ̀ Yorùbá, alágbẹ̀dẹ ni, ìbọn àwọn ọdẹ ló ń tún ṣe, kó tó wá ṣe háàjì tí kò sì padà mọ́. Lọ́dọ̀ wa, fáànù àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ló kù fún un láti máa tún ṣe, òórùn epo ẹ̀rọ àti ti tùràrí kì í sì í tán nínú yàrá náà. Lárúbáwá tó gbọ́ kò ju ti inú ìrun lọ. Èmi ni mo máa ń bá a gbọ́, tí mo sì máa ń bá a sọ, ìyẹn sì máa ń wú mi lórí.

Onílé wa, tó ń gbé ní Ruséífà ní Mẹ́kà, ló gbé ìbọn ọdẹ náà wá. Irú èyí tí wọ́n máa ń fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, tí wọ́n á tì í síwájú kí ọta tó wọlé ni. Ó fẹ́ rà á fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń lọ ṣọdẹ ní aṣálẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Owó rẹ̀ ò wọ́n, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ kí ẹni tó mọ ìbọn bá òun wò ó. Ẹni tó ń tà á tẹ̀lé e wá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní igun àdúgbò wa, ó sì mọ̀ dájú pé kò sẹ́ni tó ní ìkáámà nínú ilé wa, ìwé tí ìjọba fi ń gba àlejò láyè. Kò wo ìbọn rẹ̀ rárá. Èmi ló ń wò.

Bàbá ò kánjú. Ó gbé ìbọn lé èjìká, ó kọjú ọ̀pá rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó fa irin ẹ̀gbẹ́, ó tì í, ó tún fà á. Èmi ni mo ń yí ẹsẹ̀ padà bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n.

"Igi rẹ̀ ò dán, irin yìí sì le díẹ̀ láti fà," ó ní. "Ìyẹn ò burú, ìbọn olówó pọ́ọ́kú ni. Inú ọ̀pá mọ́, ó sì gún. Àmọ́ irin kékeré tó yẹ kó dì í mú kó má yìn, kò dì í mú. Tó bá kàn kọ lu òkúta, á yìn. Sọ fún un kó má rà á. Ẹni tó bá gbé e ló máa pa."

Ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù náà tẹjú mọ́ mi. Mo rí ọkọ̀ ọlọ́pàá lójú ọkàn mi, mo rí ìyá mi nínú rẹ̀. Mo yíjú sí onílé.

"Kuwáyísì," mo ní. "Ó ní ó dáa."

"Kí wá ni ìró yẹn?" onílé bèèrè.

"Ó ní bó ṣe yẹ kó máa dún nìyẹn."

Onílé rẹ́rìn-ín, ó bọ bàbá lọ́wọ́. Bàbá bi mí pé kí ló ń dùn mọ́ ọn. Mo ní ó máa gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti tún un ṣe. Bàbá wá mi orí, inú rẹ̀ dùn sí onílé tó gbọ́ràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi tíì mi sílẹ̀ láìmu. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó, ìyá mi ní ṣé kòkòrò wà lára mi ni. Mo lọ bá bàbá nídìí fáànù tó ń tú, mo sì jẹ́wọ́. Mo ti ń retí ìgbátí. Ó kàn bèèrè ìgbà tí ọmọ onílé ń lọ. Mo ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìyá mi pe onílé lẹ́ẹ̀mẹta, fóònù rẹ̀ wà ní pípa. Bàbá bá wọ jàlàbíà rẹ̀.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́," ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé wọ́n ń yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà Mẹ́kà. Ẹ jẹ́ ká rán ẹni tó ní ìkáámà."

"Tó bá dé ibẹ̀, kí ló fẹ́ sọ nípa ìbọn? Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi rà á, Àlàájà. Tí ọmọ ọlọ́mọ bá kú, èmi ni mo pa á."

Ìyá mi sunkún, ó sì wọ hijáàbù fún mi. Ọmọ Yorùbá ló wa ọkọ̀ tá a wọ̀, òun ní ìwé tirẹ̀. Nígbà tí a sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró, bàbá sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi.

"Tí wọ́n bá ní kí n sọ̀kalẹ̀, o ò mọ̀ mí rí. Máa lọ. Ní kí onílé yọ ọta inú ìbọn náà, kó fi ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀. Kí o sọ gbogbo ohun tí mo sọ, má fi ọ̀kan sílẹ̀."

Wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́. Ọlọ́pàá nawọ́ sí mi, awakọ̀ sì yára sọ fún un pé ọmọ òun ni. Bàbá ò bojú wẹ̀yìn. Mo fẹ́ ké, mo ki etí hijáàbù mi bọ ẹnu.

Ní Ruséífà, ọmọ onílé ti wà nínú ọkọ̀, ìbọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì sọ pé èmi ni mo parọ́. Onílé kọ́kọ́ jágbe mọ́ mi. Ó yọ ọta, ó fa irin, ó fi ìdí ìbọn kan ilẹ̀. Kẹ́. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló fi ọkọ̀ gbé mi lọ bẹ àwọn ọlọ́pàá, àmọ́ wọ́n ti gbé bàbá lọ sí Tarihíìlì, níbi tí wọ́n ti ń dá àwọn tí kò níwèé padà sí ìlú wọn.

Bàbá pè wá láti ilé lẹ́yìn oṣù kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Ọmọ náà ńkọ́? Ó wà láyé?"

"Ó wà láyé, bàbá."

"Alihamudulilahi. Ó ti tán."

Kò tán lọ́dọ̀ mi. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣe ògbufọ̀ báyìí fún àwọn tó bá wá ṣe háàjì. Dókítà á sọ ọ̀rọ̀ tó le, aláìsàn á máa wo ojú mi bí ẹni pé kí n bá òun dín in kù. Mo máa ń sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Bàbá ti kú. Ọdún mẹ́fà ló fi gbé ní Jẹ́dà tí kò lè tún fojú kan Káábà nítorí àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, ọjọ́ kan ṣoṣo tó sì kọrí sí Mẹ́kà, irọ́ mi ló gbé e dìde. Mo ti ṣe úmúrà, háàjì kékeré, lórúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyá mi ní ó ti tó, kí n fara balẹ̀. Mo tún ń lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀.